Fọ́tò Inú Fóònù Níwájú Adájọ́

Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ní Gwagwalada, ṣáájú ìdìbò káńsù

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òfin àti fóònù, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni yóò ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò. N kò wá polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú mi wá ni pé ẹ̀rí tó dára máa ń ṣègbé lójú wa, nítorí pé a kò mọ bí a ṣe ń gbé e dé iwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbẹjọ́rò fún oníbàárà kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Fọ́tò mẹ́rin wà nínú fóònù rẹ̀ tó fi hàn gbangba pé ògiri rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ẹni kejì tó dé. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì kó wọn lọ sí kóòtù. Agbẹjọ́rò kejì dìde, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ìwé ìjẹ́rìísí abala 84 dà?" Mo tú fáìlì mi, kò sí níbẹ̀. Adájọ́ kò gba ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníbàárà mi kò wo adájọ́. Èmi ló ń wò.

Òfin Ẹ̀rí tí a lò láti ọdún 1945 kò sọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, ní ọdún 1969, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Esso West Africa àti Oyegbola, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ pé kò yẹ kí òfin di ojú rẹ̀ sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 2011 kí Òfin Ẹ̀rí tuntun tó dé pẹ̀lú abala 84 rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìkan ni ó ń bá wí: ohunkóhun tó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni òfin kà sí kọ̀ǹpútà. Fóònù àpò yín wà nínú rẹ̀.

Kí ni abala náà ń béèrè? Ó fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wà ní lílò déédéé ní àkókò náà, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, pé ara rẹ̀ dá, àti pé láti inú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìwé ìjẹ́rìísí ni a fi ń sọ èyí. Inú rẹ̀ ni a ó ti dárúkọ fọ́tò tàbí fídíò náà, a ó sọ irú ẹ̀rọ tí a lò àti bí a ṣe yọ ọ́ jáde, ẹni tí ẹ̀rọ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i. Kò ju ojú ewé kan lọ. Ojú ewé kan yìí ni mo gbàgbé.

Àwọn ọ̀gá wa náà ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà Bayelsa ní oṣù kejì ọdún 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, agbẹjọ́rò kó ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀: ìròyìn ìwé ìròyìn Punch, àti àkọsílẹ̀ láti ojú òpó àjọ INEC. Kò sí ẹlẹ́rìí tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí i, kò sí ìwé ìjẹ́rìísí. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní kò ṣeé gbà.

Ti Ọ̀ṣun ló yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2022, Adeleke wọlé, Oyetola pẹjọ́ pé ìbò tí wọ́n kà pọ̀ ju iye ènìyàn tí BVAS dá mọ̀ lọ ní ibùdó tó ju 700 lọ. Ìwé tí INEC yọ láti inú ẹ̀rọ ńlá rẹ̀, tí ó sì fọwọ́ sí, ni ó gbé ara lé. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre ní oṣù kìíní 2023. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì fara mọ́ èyí ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fìdí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ yóò gbé ìwé orúkọ olùdìbò wá, yóò gbé fọ́ọ̀mù EC8A wá, yóò sì gbé ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀ wá. Ìròyìn kò tó àfojúbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ló fọwọ́ sí ìròyìn náà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa lérò pé ìdájọ́ yìí le jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, torí ọwọ́ àjọ ni ẹ̀rọ wà, kì í ṣe ọwọ́ olùpẹ̀jọ́. Ṣùgbọ́n òfin nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣojú, ẹ̀dà EC8A tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú; fọ́tò ń tì í lẹ́yìn ni, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ ya èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹ má mú fóònù wọ ibi tí ènìyàn ti ń tẹ̀ka. Ẹni tó ya fọ́tò ni kí ó jẹ́rìí sí i. Èyí tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ọwọ́ dé ọwọ́ kò ní bàbá mọ́. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo mọ ẹnìkan tó tà á.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ìdìbò kò ní ogún ọdún. Ọjọ́ 21 péré ni ẹ ní láti pẹjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde èsì.

Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìwé ìjẹ́rìísí náà sílẹ̀, akọ̀wé sì ti tẹ̀ ẹ́. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó máa lọ, kí ó sì kọ orúkọ fóònù rẹ̀ sí i láti ilé.