K Pàdé P, G Pàdé B: Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́nu Accra

Inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí k àti p ti tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ ó rí jackpot, owó gọbọi tí ẹni tó ta tẹ́tẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ó rí backpack, àpò tí ọmọ iléèwé ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Checkpoint, ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá mọ́tò dúró. Àti pickpocket, ìyẹn jáwójáwó. Tí ẹ bá wá ti g àti b náà, ẹ ó rí logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn àjò ọkọ̀ òkun sí, ragbag, àpò àkísà, àti songbird, ẹyẹ olóhùn dídùn.

Ẹ tún wọn wò. Ojú oríkèé ni àwọn lẹ́tà yìí ti pàdé. Back ń dá rìn, pack ń dá rìn, wọ́n kàn dè wọ́n pọ̀ ni. Ìró méjì ni Òyìnbó ń pè níbẹ̀, k ṣáájú, p tẹ̀ lé e. Rugby pàápàá, tó jẹ́ orúkọ ìlú kan ní England kó tó di orúkọ eré, by ló gbẹ̀yìn rẹ̀, bí àwọn ará Denmark àtijọ́ ṣe ń pe ìletò. Kò sí ojúlówó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi kp tàbí gb bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá jáde síta. Ní Accra níbí, gb ló bẹ̀rẹ̀ Gbese, ọ̀kan nínú àdúgbò àtijọ́ àwọn Gã, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ Gbawe. Ó wà láàárín Agbogbloshie. Kp ló bẹ̀rẹ̀ Kpeshie, orúkọ ọ̀sà tó wà létí òkun. (Ẹni tó ń gbé Gbese kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè o! Kí ọ̀rọ̀ méjì jọra létí kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá.) Tí ọdún Hɔmɔwɔ àwọn Gã bá dé, kpokpoi ni oúnjẹ ọdún: àgbàdo tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sè, tí wọ́n wá fi epo pò títí ó fi pọ́n, kí wọ́n tó bu ọbẹ̀ ẹyìn tó kún fún ẹja sí i. Àwọn olóyè á máa bù ú wọ́n sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Ata tútù kéékèèké tó rí roboto, tó máa ń ta lẹ́nu bí iná, kpakpo shito ni wọ́n ń pè é. Shito ni ata, Kpakpo sì jẹ́ orúkọ ènìyàn láàárín wọn. Kpanlogo ni ijó tí àwọn ọ̀dọ́ Accra gbé jáde lẹ́yìn òmìnira. Ògógóró ibí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè títí Ghana fi gba òmìnira, akpeteshie ni. Èdè Akan kò ní kp, nítorí náà p lásán ni ọ̀pọ̀ ará Kumasi fi ń pè é.

Bí ẹnu ṣe ń pe kp àti gb nìyí: ẹ̀yìn ahọ́n á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu lókè, ètè méjèèjì á pa dé lákòókò kan náà, gbogbo rẹ̀ á sì ṣí papọ̀. Ìró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwọ̀ Oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé.

Àwọn Ewe náà ní wọn. Kpɔ ni kí ènìyàn rí nǹkan. Agbe ni ìyè. Gbe ni ohùn àti èdè, òun sì ni Hounkpati Capo, onímọ̀ èdè ọmọ Benin, mú láti fi pe Ewe, Fon, Aja àti Gen lórúkọ kan. Pẹ́pẹ́yẹ wa, kpakpaxe ni lọ́dọ̀ wọn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ sọ pẹ́pẹ́yẹ sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Kp ni ẹ pè, p ni ẹ kọ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS jókòó ní Èkó lọ́dún 1875 láti fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀, p nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, nítorí pé èdè wa kò ní p ti Gẹ̀ẹ́sì tí yóò bá a du àyè. Gb kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí b ti wà nílẹ̀: bá kì í ṣe gbá. Ọgbọ́n ni wọ́n lò, mi ò bá wọn jà. Ní Benin, láti ọdún 1975 tí ìjọba ti ṣe ááfábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè, kp ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá tiwọn.

Àwọn bàbá wa tó ń tajà ní Lagos Town, kó tó di Accra New Town, kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú p. Etí ni wọ́n fi kọ́ Yorùbá. Nígbà tí p òyìnbó tọ̀ wọ́n wá, wọ́n fi b gbà á níbì kan, wọ́n fi p tiwa gbà á níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí bébà àti pépà fi jọ wà títí dòní. Ọmọ tí a bí sí Accra lóde òní ni ọ̀rọ̀ kàn. Ojú ló fi ń kọ́ Yorùbá, látinú ìwé. Á rí pápá, á pè é bí ẹni ń pe pot, a óò sì máa bá a wí pé ó ti di òyìnbó. Àwa la fi òyìnbó kọ́ ọ: P fún pen, P fún pot la kọ sójú pátákó.

Ọmọ kan náà yìí ń pe Kpakpo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, láìsí àṣìṣe. Ẹ kọ Kpakpo sójú pátákó, ẹ kọ pápá sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹnu kan náà ló ń pe méjèèjì. Ti Kumasi yàtọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé Twi, èdè Akan ti ibẹ̀, nìkan ló ń gbọ́ níta kò ní Kpakpo tí yóò fi ṣe àkàwé, nítorí náà olùkọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ gb nínú gbogbo àti gbà dáadáa, kó tó mú un dé orí p.