Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Nínú Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà



Ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ ni ó ń kó ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé owó wọn sínú kọ̀ǹpútà nísinsìnyí. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, bí a bá ti ya àwòrán àwọn ìwé náà tán, kí a dáná sun ògbólógbòó tí ikán ń jẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe dìde. Kíkó ìwé sínú ẹ̀rọ kì í ṣe òpin ìpamọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ rántí ohun tí a kà nínú ìwé Esra. Nígbà tí àwọn ìjòyè bi àwọn Júù léèrè ẹni tí ó fún wọn ní àṣẹ láti kọ́ tẹ́ḿpìlì, Dáríúsì ọba ní kí a wá inú ilé ìwé. A rí àkájọ ìwé kan ní ààfin kan ní ilẹ̀ Mídíà, àṣẹ Kírúsì sì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú. Bí kò bá ṣe pé ẹnì kan tọ́jú ìwé yẹn, kí ni àwọn àgbà Júù ìbá rí tọ́ka sí?

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mìíràn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1086, William ọba mú kí a kọ ìwé nípa ilẹ̀ àti ohun ìní inú ìjọba rẹ̀, èyí tí à ń pè ní Domesday Book. Awọ ẹran ni a kọ ọ́ sí. Ó wà ní ọwọ́ ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew títí di òní, ẹni tí ó bá sì mọ èdè Látìn lè kà á. Nígbà tí ó pé 900 ọdún, ní 1986, ilé-iṣẹ́ BBC ṣe irú rẹ̀ tuntun. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kópa nínú iṣẹ́ náà. A sì kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán wọn sí orí àwo dídán, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ àkànṣe ni ó lè kà á. Kò pé ogún ọdún tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi di ohun àwárí. Àwo náà wà, ṣùgbọ́n ohun tí a ó fi kà á ń tán lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Leeds àti Michigan ṣe làálàá púpọ̀ kí wọ́n tó lè fi hàn, ní ọdún 2002, bí kọ̀ǹpútà tuntun ṣe lè kà á.

Èmi tìkára mi mọ opó kan tí ó lọ wá ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ ní ìjọ kan, kí ó lè gba owó tí ó tọ́ sí i lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Inú fóònù akọ̀wé àtijọ́ ni àkọsílẹ̀ náà wà. Fóònù ti bàjẹ́, ìwé sì ti di eérú. Ọdún méjì ni ó fi ń wá ẹlẹ́rìí kiri. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Òfin pẹ̀lú sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, ní ìsọ̀rí 84, jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n a ní láti fi hàn pé à ń lo ẹ̀rọ náà déédéé ní àkókò náà, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Òfin tí ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni, ti ọdún 2023, sì ní kí a má ṣe pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ju ìgbà tí a nílò rẹ̀ lọ, kí a sì ṣọ́ ọ kí ó má bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ. Nítorí náà kò tọ́ kí a pa ohun gbogbo mọ́ láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí a sọ ohunkóhun nù bí ó bá ti wù wá.

Kí ni kí a ṣe? Èkínní, kí ìgbìmọ̀ kọ gbogbo irú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa sílẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ sí iye ọdún tí a ó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ìwé, kí ó má sì ṣe pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀rọ, láìsí àṣẹ yìí. Èkejì, kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìlú mìíràn. Ẹ̀kẹta, kí a lo irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè ṣí, bí PDF/A. Kí a máa ṣí wọn wò lọ́dọọdún, kí a sì gbé wọn sí ẹ̀rọ tuntun kí ti àtijọ́ tó kú. Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀rọ̀ aṣínà má ṣe wà ní orí ẹnì kan ṣoṣo. Ní ti ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó, ẹ má ṣe sun wọ́n rárá. Ẹ kó wọn sínú àpótí gbígbẹ, kí ó ga kúrò nílẹ̀, kí ikán má bàa dé ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà sí ìjọ yín, ẹ bi akọ̀wé ní ìbéèrè kan: bí iná bá jó yàrá ìwé wa lóru òní, níbo ni a ó ti rí orúkọ àwọn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀la.