Láìsí Alárobọ̀: Kòkòrò Àìfojúrí, Èédú àti Ìgbẹ́ Màlúù

Ó lè ya yín lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù. Ọ̀rọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ìdọ̀tí odò ẹran tó bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé a máa tú gáàsì mítéènì sílẹ̀. Bí gáàsì náà bá bọ́ sójú ọ̀run, a máa dá kún ooru ayé. Bí a bá gbà á sínú àgbá, a ó fi dáná. Èyí ni ète Cows to Kilowatts, iṣẹ́ ti Bódìjà níhìn-ín, tó gba ẹ̀bùn SEED ní 2005.

Ẹ̀yà kòkòrò méjì ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe gáàsì yìí. Ẹ̀yà kìn-ín-ní ń jẹ ọtí àti ásíìdì tó wà nínú ìdọ̀tí náà. Oúnjẹ yìí a sì di ẹrù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lé e lórí, tí kò fi ní lè jẹun síwájú àfi bó bá rí ẹni gbà á. Ẹ̀yà kejì, tó ń ṣe mítéènì, ni olùgbà. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ háídírójìn sí alárobọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí háídírójìn bá kó jọ láìrí olùgbà, ọjà dákú.

Ní 2014, Amelia-Elena Rotaru, Derek Lovley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Massachusetts fi hàn pé Geobacter lè gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún Methanosaeta ní tààrà, láìsí alárobọ̀. Wọ́n ti rí i ṣáájú, ní 2012, pé hóró èédú tí a ṣe ní àkànṣe lè ṣe bíi wáyà: ẹ̀yà méjèèjì a lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn kan ń pe èyí ní pàṣípààrọ̀. N kò fara mọ́ ọn. Pàṣípààrọ̀ ni kí n fún ọ ní iṣu, kí o fún mi ní ẹ̀wà. Níhìn-ín, olùgbà kò dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan padà. Èrè olùfúnni ni pé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó ru igi ti oko bọ̀ kì í sọ pé, “Bá mi ṣe pàṣípààrọ̀.” “Sọ̀ mí” ni yóò wí. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, “sọ̀”, ni mo yàn.

Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ wa pàṣẹ pé kí àwọn alápatà Bódìjà kó lọ sí Amósùn. Ìdọ̀tí yóò bá wọn lọ. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àgbá méjì kalẹ̀, kí wọ́n da ìgbẹ́ kan náà sínú méjèèjì, kí wọ́n fi èédú sí ọ̀kan, kí wọ́n sì wọn gáàsì tó bá jáde.