Ìlànà Tó Wà Lẹ́yìn Àtẹ Ẹ̀yáwó



Ní ẹgbẹ́ kan tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n lẹ àtẹ ẹ̀yáwó mọ́ ara ògiri báyìí:

Yá ₦10,000, san ₦11,500
Yá ₦20,000, san ₦22,500
Yá ₦30,000, san ₦33,500
Yá ₦40,000, san ₦45,400
Yá ₦50,000, san ₦55,500

Mo bi akọ̀wé bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, bí a ṣe bá a nìyẹn." Ẹ̀yin ará, ìdáhùn yìí kò tó. Irú àtẹ yìí ní ìlànà, a sì lè wá a rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń lé sí i. Láti ìlà kìíní sí ìkejì, ₦11,000 ni sísan fi lé. Láti ìkejì sí ìkẹta, ₦11,000 náà ni. Nítorí náà, lórí náírà kọ̀ọ̀kan tí a yá, a ó dá náírà kan àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá padà. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, ẹni tó yá ₦10,000 ìbá san ₦11,000. Kí wá ni ₦500 tó kù? Akọ̀wé rántí: owó fọ́ọ̀mù ni. Bí Y bá jẹ́ owó tí a yá, tí S jẹ́ owó tí a ó san, ìdọ́gba rẹ̀ rèé:

S = 1.1 × Y + 500

Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ fi dán gbogbo ìlà wò. Ìlà kẹrin kò bá a mu: ₦44,500 ló yẹ kó jẹ́. ₦900 ni wọ́n fi lé e. Bí àṣìṣe bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ fura pé nọ́ńbà méjì ló gba ipò ara wọn. Akọ̀wé kò jalè, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ kan ti yá ₦40,000 lẹ́ẹ̀mejì. ₦1,800 rẹ̀ ni ẹgbẹ́ dá padà lójú ìpàdé.

Ìdọ́gba yìí tún fi ohun mìíràn hàn. ₦500 yẹn jẹ́ kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó yá ₦10,000, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan péré ni fún ẹni tó yá ₦50,000. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré ni ẹrù náà wúwo fún jù. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lẹ ó pinnu bóyá ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè pinnu ohun tí ẹ kò rí.

Bí ẹ bá délé, ẹ gbé àtẹ ẹgbẹ́ yín wò.