Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀ Ná

Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Wá ìdí rẹ̀ ná." Ẹ ò sọ ọ́ dáadáa. "Wá ìdí rẹ̀ ná!"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arábìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Ó fi ìborùn wé àpótí tí ẹ ń pè ní CPU yẹn bí ọmọ tuntun. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Tí mo bá tàn án, á fẹ́ wọlé, kó tó wọlé á kú, á tún tan ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ ayé ni." Mo dúpẹ́ pé kò tíì da òróró sí i! (Ẹ̀rín) Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi gboyè jáde ní yunifásítì. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wọn ti sọ fún un pé kó lọ mú owó wá, kóun fọ́mátì rẹ̀.

Ẹ gbọ́, mo gbà pé àdúrà ń ṣiṣẹ́. Pásítọ̀ ni mí! Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá bà jẹ́ ni ọ̀tá bà jẹ́. Òmíràn, eruku ni. Òmíràn, wáyà ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kì mí, tí wọ́n ń wúre fún mi. Orí kọ̀ǹpútà mi nìkan ló wà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, kọ̀ǹpútà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti arábìnrin yìí: á tàn, á kú, á tún tàn. Mo ń kánjú. Mo gbé e fún ẹnì kan, mo ní, "Ṣáà ṣe é kó ṣiṣẹ́." Ó nu gbogbo ohun tó wà nínú hard disk, ó fi Windows tuntun sí i. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀! Ẹlòmíràn ló wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní power pack ló ti ń kú lọ, iná tó ń gbé jáde ò tó mọ́. Ẹ̀yin ará, kò sí ohun tó ṣe hard disk mi rárá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ yá, wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀. N ò sì lè bẹ ìyá mi kí wọ́n tún mi kì. (Ìjọ dákẹ́.)

Ẹ rántí Nehemáyà. Nígbà tó dé Jerúsálẹ́mù, kò kọ́kọ́ pe bíríkìlà. Òru ló dìde, òun àti èèyàn díẹ̀, ó lọ wo odi ìlú, ibi tó ti wó àti ẹnubodè tí iná ti jó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pe àwọn èèyàn síṣẹ́. Ó wá ìdí rẹ̀ ná!

Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 káàkiri ayé, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò rẹ̀, ló kọ̀ láti wọlé. Ọ̀pọ̀ ń kú, wọ́n ń tan ara wọn, wọ́n tún ń kú. Ọ̀pọ̀ bàálù ò gbéra, iṣẹ́ dàrú ní ilé ìwòsàn àti báǹkì. Àwọn kan rò pé ọ̀tá ló kọlù wọ́n láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tá kọ́! Ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ló fi àtúnṣe tó ní àṣìṣe ránṣẹ́. Ọlọ́dẹ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé síta! Ṣé wọ́n wá fọ́mátì gbogbo wọn ni? Rárá o. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni pé kí wọ́n wọ Safe Mode, kí wọ́n yọ fáìlì burúkú yẹn, kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ó yá, ẹ mú bírò. Kí lẹ máa ṣe tí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Èkínní, ẹ wo ìgbà tó ń kú. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ máa tẹ F2 tàbí Delete léraléra. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n ń pè ní BIOS máa ṣí. Windows ò tíì jí níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Tó bá kú níbẹ̀, ẹ má bá Windows jà. Ẹ fura sí power pack, ooru, RAM, tàbí bọ́tìnnì ìtanná tó há. Tó bá dúró, ẹ fura sí Windows tàbí hard disk. Mi ò ní ó dájú tán o: power pack tó ti rẹ̀ lè dúró nígbà tí iṣẹ́ ò pọ̀, kó dákú nígbà tí iṣẹ́ bá dé.

Èkejì, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ yọ flash, ẹ yọ printer, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan sílẹ̀. Iná wa kì í dúró sójú kan, torí náà ẹ wo stabilizer àti UPS yín, ẹ gbìyànjú ojú iná míì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọn eruku ojú fáànù. Ẹ yọ RAM, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà kó wọlé dáadáa. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí inú power pack o! Bẹ́ ẹ tiẹ̀ yọ wáyà, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó ń ṣe é. Tó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, bó bá ti ń fẹ́ wọlé, ẹ di bọ́tìnnì ìtanná mú títí á fi kú. Tẹ́ ẹ bá ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú ìwé àtúnṣe máa jáde. Ẹ tẹ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, kẹ́ ẹ wá tẹ Restart. Ẹ tẹ 9 kó má tan ara rẹ̀ mọ́, kó lè fi àṣìṣe rẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ fi fóònù ya á. Ẹ tẹ 4 tẹ́ ẹ bá fẹ́ Safe Mode. Tó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker tó ní nọ́ńbà 48, ẹ má sá. Ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín jáde! Ẹ da fọ́tò àti ìwé yín kọ sí ibòmíràn kẹ́ ẹ tó tún ohunkóhun ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé, "Kí la fi sí i kẹ́yìn?" Ẹ yọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó jẹ̀bi. Tí hard disk bá sì ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa á kíá, ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́.

Arábìnrin wa ńkọ́? A gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí BIOS, ó dúró. A wọ Safe Mode, ó wọlé. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a da fọ́tò ọkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kọ. Ohun tí ọmọ rẹ̀ fi sí i nítorí printer tuntun ló ń dá a dúró. A yọ ọ́, kọ̀ǹpútà wọlé. Kò ná kọ́bọ̀. (Ìjọ: Ògo!)

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kóun fọ́mátì, ẹ bi í pé, "Kí lẹ rí?" Tí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé ẹrù yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá, tí ohùn ìyá yín bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ da á kọ sí ibi méjì. Ohun tí mo pàdánù, ẹ ò ní pàdánù rẹ̀ ní orúkọ Jésù. (Ìjọ: Àmín!)