Ìbọn Láti Ọwọ́ Aládàáni

Ní Amẹ́ríkà, òfin Brady ti ọdún 1993 ní kí ṣọ́ọ̀bù ìbọn yẹ àkọsílẹ̀ oníbàárà wò kó tó tajà. Òfin àpapọ̀ kò béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń ta ìbọn ara rẹ̀.

Ọkùnrin tó pa ènìyàn 7 ní Midland àti Odessa, ní Texas, lọ́dún 2019, àyẹ̀wò ti ká a mọ́ rí nígbà tó fẹ́ ra ìbọn. Ọwọ́ aládàáni ló ti wá ra ìbọn. Ó dùn mí!

Lọ́dún 2013, sẹ́nétọ̀ 54 fọwọ́ sí àbá tó fẹ́ mú àyẹ̀wò gbòòrò kọjá ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Ṣùgbọ́n ìbò 60 ni àbá náà nílò, torí náà kò kọjá. Àwọn alátakò ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò kó orúkọ oníbọn jọ. Ẹ̀rù wọn yé mi, ṣùgbọ́n àbá náà gan-an ka irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.