Katakata Tòkúnbọ̀ àti Ilẹ̀ Baba Wa: Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí A Tó Sanwó

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ aṣèwádìí sọ níwájú ìpàdé àwọn àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù)

Nígbà tí ẹ pè wá jọ tí ẹ sì rán wa níṣẹ́, ẹ kò rán wa pé kí a lọ ra ẹ̀rọ. Ẹ rán wa pé kí a lọ wo ẹ̀rọ. A ti lọ, a sì ti bọ̀. Ohun tí ojú wa rí ni a wá sọ fún yín, nítorí pé ẹni tí a rán níṣẹ́ tí ó fi apá kan pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó mú bọ̀, olè ni, bí kò tilẹ̀ mú kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi àdá àti ọkọ́ ro, tí wọ́n fi kókó àti iṣu inú rẹ̀ rán wa lọ sí ilé ìwé, ti di igbó. Àwọn tí ó ro ó ti darúgbó, àwọn mìíràn ti sùn. Àwọn ọmọ wọn sì ti wọ ìlú lọ. Owó alágbàṣe ti kọjá agbára ẹni kan ṣoṣo. Ewé Akíntọ́lá ti bo ibi tí a ti ń kọ ebè, bí a bá sì fi àdá ṣán an lónìí, kí òjò méjì ó tó rọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti tún rú. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò ro ni ó máa ń tètè wọ ojú àwọn tí ń wá ilẹ̀ rà kiri. Bí a bá jókòó tí a ń wò ó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa gba owó ọ̀sẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a jogún.

Nítorí náà, àwọn tí wọ́n sọ pé kí a wá ẹ̀rọ kò ṣì sọ rárá. Ṣùgbọ́n owó tí ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ wa kì í ṣe owó ìjọba, kì í sì í ṣe owó ẹ̀bùn. Owó ìyá tí ń ta gàrí ni. Owó bàbá tí ó ta kókó tí kò rán aṣọ ọdún ni. Bí ó bá bọ́ sínú irin tí kò lè rìn, kò sí ibi tí a ó ti rí òmíràn.

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò lówó nìkan ni irú àjálù bẹ́ẹ̀ ń bá. Ní ọdún 1947, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Kongwa ní ilẹ̀ Taganyíkà, èyí tí ó di Tansaníà lónìí. Wọ́n fẹ́ ṣán igbó tí ó lé ní mílíọ̀nù 3 éékà kí wọ́n fi gbin ẹ̀pà. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ẹ̀rọ titun sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà wọ́n kó àlòkù katakata tí àwọn ọmọ ogun ti lò, òmíràn láti Íjíbítì, òmíràn láti erékùṣù Filipíìnì. Éékà 150,000 ni wọ́n fẹ́ ṣán ní ọdún kìn-ín-ní; éékà tí wọ́n rí ṣán kò tó 10,000. Gbòǹgbò igbó ibẹ̀ le ju bí wọ́n ti rò lọ, ẹ̀rọ ń kú lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yà tí wọn ó fi tún un ṣe kò sí ní tòsí, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ tó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1951, wọ́n kéde pé àwọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Owó tí ó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 35 pọ́n-ùn. Ní ilẹ̀ tiwa níbí pàápàá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Mókwà ní ọdún 1949. Nígbà tí yóò fi di 1954, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé owó ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ni, tàbí ìwé ni wọn kò kà? Rárá o. Ìkánjú ni. Wọn kò yẹ ilẹ̀ wò dáadáa, wọn kò sì yẹ ẹ̀rọ wò dáadáa, kí wọ́n tó náwó. Bí olówó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè fi ẹ̀rín bò ó. Bí tálákà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti wọ gbèsè.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ náà gan-an. Èyí tí a lọ wò ni katakata awalẹ̀ alápá gígùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ẹkisikafétọ̀. Ó ń fi ẹ̀wọ̀n irin rìn, ó ní apá, ó ní ìgbọ̀nwọ́, ó sì ní ṣọ́bìrì onírin eléyín ní ọwọ́. Ó yàtọ̀ sí katakata atúlẹ̀ tí ó ní pátákó irin níwájú. Katakata atúlẹ̀ máa ń ti igi lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ti erùpẹ̀ dúdú òkè ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀, erùpẹ̀ yẹn gan-an ni oúnjẹ irúgbìn wà. Àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ wíńwíń tí tí ó sì hú gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọ́ lọ bí àgbàrá bá dé, ju ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ ṣán lọ. Alápá gígùn lè dúró lójú kan, kí ó fa igi tu, kí ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí ni a fi yàn án. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń wà á ni oore rẹ̀ wà.

Ẹ̀rọ méjì ni a yẹ̀ wò. Èkíní wà ní àgbàlá kan lẹ́bàá ọ̀nà Èkó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì, ènìyàn lè fi ojú rẹ̀ ṣe dígí. Ẹni tí ń tà á ní kò tíì ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4,000 lọ, ó sì fi aago inú rẹ̀ hàn wá. Ó ní oníbàárà mìíràn ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí a tètè san àsansílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àárín wa ti ń wo ara wọn lójú. Bàbá àgbà kan tí ó bá wa lọ, tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀, rìn lọ síbi ẹ́ńjìnnì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì yí padà sí wa pé, “Ta ni ó ti jí eléyìí kí a tó dé?” Ẹ́ńjìnnì náà gbóná! Wọ́n ti tan án sílẹ̀ kí a má baà mọ̀ pé ó máa ń ṣagídí bí ó bá tutù.

Láti ibẹ̀ ni ojú wa ti là. A wo ibi tí ẹni tí ń wà á máa ń gbé ẹsẹ̀ lé: irin rẹ̀ ti jẹ dé ìdí. Aago lè parọ́, a lè yí i sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n irin tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti jẹ kò mọ irọ́ pa. A fi èékánná họ ọ̀dà ní ìsàlẹ̀ apá rẹ̀, a sì bá ojú àlòpọ̀ iná wẹ́dà níbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé apá náà ti ya rí. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, èéfín aláwọ̀ aró ń jáde; àmì pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì ara rẹ̀ ni. A ní kí ó gbé ṣọ́bìrì tí ó kún fún erùpẹ̀ sókè kí ó dúró. Kí a tó ka ìṣẹ́jú márùn-ún, apá náà ti ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, a sì bá ọ̀nà wa lọ.

Ẹ̀rọ kejì kò ní ọ̀dà titun. Ó ti pọ́n, ìpẹta wà lára rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a débẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ó tan ní ẹ̀ẹ̀kan. Èéfín funfun yọ díẹ̀, ó sì lọ. A yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, a wò ó bóyá ó funfun bí ọṣẹ tí a pò mọ́ omi, nítorí pé ọ́ìlì tí omi bá wọ̀ ń sọ ti ẹ́ńjìnnì tí ó ti ya nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. A wo eyín kẹ̀kẹ́ tí ń fa ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ti mú ṣóńṣó. Ó ti jẹ díẹ̀, kò tíì mú. A mi gbogbo oríkèé apá rẹ̀ láti mọ èyí tí ó ń ṣe wọ̀ọ̀. A ní kí ó yí ara rẹ̀ ká lọ́tùn-ún àti lósì, kí a gbọ́ bóyá ohùn irin tí ó ń jẹ irin yóò jáde ní ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí a mú un ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ti rẹ̀ máa ń fi agbára hàn nígbà tí epo inú apá rẹ̀ bá tutù, kí ó tó rọ jọwọlọ nígbà tí epo náà bá gbóná. Agbára eléyìí kò dín. Àbùkù méjì ni a rí: epo ń sun ní ọ̀pá kan lápá rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lò tó ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀. Olówó rẹ̀ kò sẹ́. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà ni, ṣùgbọ́n kò ṣàìsàn.”

Síbẹ̀, a kò san kọ́bọ̀. Ìdí ni pé iye owó tí a fi ra ẹ̀rọ, ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó ni. Irú ẹ̀rọ yìí wúwo tó nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù. Kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin títì dé oko, ọkọ̀ akẹ́rù pẹlẹbẹ ni yóò gbé e. Ǹjẹ́ afárá kékeré tí ó wà lọ́nà oko wa lè gba ọkọ̀ àti ẹrù náà papọ̀? Kí a bi àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó di pé a bá ara wa nínú odò. Bí ó bá ń mu lítà 15 epo dísẹ́lì ní wákàtí kan, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lóòjọ́, lítà 120 ni lóòjọ́ kan. Bí ó bá ṣiṣẹ́ 20 ọjọ́ nínú oṣù, lítà 2,400 ni. Kí olúkúlùkù fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan lọ́jà ṣe ìṣirò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wo ìwé rẹ̀: nọ́ńbà tí ó wà lára irin gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà inú ìwé mu, ìwé owó ibodè gbọ́dọ̀ pé. Kí ó sì jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́jà wa, tí mẹkáníìkì tòsí sì mọ̀.

Ní ti ìlò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. Kí ẹ̀rọ tó wọ oko, àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ wọ ọ́, kí wọ́n fi ẹfun sàmì sí ojú oórì, sí igbó tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, sí ààlà ẹbí kọ̀ọ̀kan, àti sí igi tí ó ṣe wá láǹfààní. Kí a má ṣe fọwọ́ kan igi etídò, kí a sì fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sílẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n di ilẹ̀ mú. Igi ńlá, a kì í fi ipá ti í lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó gbẹ́ ìdí rẹ̀ ká, kí ó gé gbòǹgbò rẹ̀, kí ó tó na apá sí i lókè kí ó sì tì í sí ibi tí kò sí ènìyàn. Kí ó dí ihò rẹ̀ padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ibi tí apá rẹ̀ lè yí dé, ìbáà ṣe ọmọ onílẹ̀. Kí a má ṣe mú un wọ ilẹ̀ tí omi ti rin, nítorí yóò tẹ̀ ẹ́ le bí ilẹ̀ ilé. Kí a to igi àti gbòǹgbò ní ìbú, kí wọ́n dábùú ọ̀nà àgbàrá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má ṣe ṣán ju ibi tí a lè gbìn ní àkókò òjò kan náà lọ. Kí ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún tètè bo ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí ó wà níhòòhò ni òjò ń jí kó.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí a kọ́kọ́ háyà irú ẹ̀rọ yìí fún ọjọ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà dáadáa, kí ó ṣiṣẹ́ lórí éékà díẹ̀ nínú ilẹ̀ wa. Kí akọ̀wé kọ epo tí ó mu, éékà tí ó ṣán, àti ohun tí ó bàjẹ́ sílẹ̀. Kí ọ̀dọ́ méjì nínú wa máa jókòó tì í láti kọ́ iṣẹ́ náà. Bí ìṣirò rẹ̀ bá dára, kí a padà lọ bá olówó ẹ̀rọ kejì, kí a dúnàádúrà, kí a sì ya ìdá mẹ́ta owó tí ó wà lọ́wọ́ sọ́tọ̀, kí a má ṣe fọwọ́ kan ìdá kan nínú rẹ̀ àfi fún àtúnṣe àti epo. Bí ẹ̀rọ náà bá ti lọ kí a tó padà dé, kí ó máa lọ ire. Ẹ̀rọ kò tán lọ́jà. Owó inú àpótí wa ni ó lè tán.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kò ní dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lọ́la. Ṣùgbọ́n igbó tí ó gba ogún ọdún kí ó tó hù, kò burú bí ó bá gba oṣù kan sí i kí a tó mọ bí a ó ti ṣán an. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọ́n máa ń bu erùpẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó dá oko. Kí àwa tí a fẹ́ fi irin ṣe é má ṣe ya ọ̀lẹ jù wọ́n lọ níbi wíwò.

A ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wa. Ó kù sọ́wọ́ ìpàdé.